Bí Kòkòrò Ìgbẹ́ Gbuuru Ṣe Ń Ṣù Jọ Nínú Ìfun

Bí a bá fi ọwọ́ kan inú àmù tí a kò fọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, yóò máa yọ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n pa agbo síbẹ̀, tí wọ́n sì fi ohun kan bí ikun bo ara wọn. Irú agbo bẹ́ẹ̀ lè wà nínú ìfun ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru kò tètè dá lára rẹ̀.

Dókítà Theodor Escherich ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe kòkòrò tí a ń pè ní E. coli, ní ilẹ̀ Jámánì ní 1885. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà rẹ̀ ń gbé inú wa láìṣe wá ní ibi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan wà tí í tò lé ara wọn bí bíríkì; èyí lè fa ìgbẹ́ gbuuru tí yóò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Purotéènì ara kòkòrò náà ni ó fún un ní agbára yìí. Àwọn kan rí bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó fi ń di ìfun àti ẹnì kejì rẹ̀ mú. Òmíràn ni Hra1, tí ó wà ní awọ ara rẹ̀. Ní 2009, Iruka Okeke, tí ó jẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn nísisìyí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé Hra1 ń ran àwọn kòkòrò náà lọ́wọ́ láti ṣù jọ. Bí wọ́n bá ti ṣù jọ tán, ó ṣòro kí oògùn tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó wà láàárín.

Kí ni èyí kọ́ wa ní Olódò àti àwọn abúlé àyíká rẹ̀? Èkíní, fífi omi ṣan àmù nìkan kò tó, nítorí ohun tí ó di ara rẹ̀ mú kì í bá omi lọ. Ẹ fi ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn fọ inú rẹ̀ dáadáa. Èkejì, ẹ se omi odò tàbí ti kànga kí ẹ tó mu ún. Ẹ̀kẹta, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti kí ẹ tó fún ọmọ ní oúnjẹ.

Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, gbígbẹ omi ara rẹ̀ ni ó tètè í pa á. Ẹ má ṣe ra oògùn oníhóró lọ́wọ́ akiri. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí a fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà pẹ̀lú oògùn zinc.