Ẹ Bi Í Léèrè Ná

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó fi òwe yìí bá àbúrò mi wí ní ilé ìwòsàn kan ní Kúbwà, inú ṣì ń bí mi sí i. Ó gbé e sórí ìwọ̀n, ó wo nọ́ńbà, ó sì pa òwe náà lójú gbogbo èrò tó ń dúró de dókítà. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Inú kẹ̀kẹ́ NAPEP tí a wọ̀ padà sílé ni omi ti bọ́ lójú àbúrò mi. Ó ní òun máa ń dìde jẹ búrẹ́dì lóru láìjẹ́ pé ebi ń pa òun. Pé bí òun bá ra puff-puff ní Wúsè, òun á jẹ ẹ́ tán nínú ọkọ̀ kí ọkọ òun má bàa rí i. Ó ti búra títí pé òun ti jáwọ́.

Ìbéèrè wà fún irú èyí. Ní 2009, Ashley Gearhardt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale, l'Amẹ́ríkà, to ìbéèrè 25 jọ lórí bárakú oúnjẹ. Ní 2016 wọ́n tún un ṣe, ó di 35. Oṣù 12 tó kọjá ni wọ́n ń bèèrè nípa rẹ̀. Ṣé ẹ máa ń jẹ ju bí ẹ ṣe pinnu lọ? Ṣé ẹ ti gbìyànjú láti jáwọ́ tí kò ṣeé ṣe? Bí ẹ kò bá jẹ ẹ́, ṣé ara yín kì í balẹ̀? Ṣé ó ń ba iṣẹ́ tàbí ilé yín jẹ́? Kì í ṣe ìdájọ́ o. Ìwé DSM-5 tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013 kò ka bárakú oúnjẹ mọ́ àìsàn. Ìbéèrè náà kàn ń ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ ni.

Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ń bèèrè gbọ́dọ̀ dárúkọ puff-puff, Indomie àti míníráà. Kó sì bèèrè bóyá owó oúnjẹ máa ń tán kí oṣù tó parí, torí ẹni tí kò mọ ibi tí tọ̀la yóò ti wá lè jẹ àjẹkì lónìí. Ìyẹn kì í ṣe bárakú.

Òwe náà di gbogbo ẹ̀bi ru ọ̀fun. Ọ̀fun kọ́ ló ń jí àbúrò mi lóru. Àwọn àgbà tó pa òwe náà kò rí oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ fi ṣúgà, iyọ̀ àti òróró pò títí ọpọlọ fi ń pòùngbẹ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ sùn, mo bi àbúrò mi ní àwọn ìbéèrè náà. A ò tíì parí wọn tó fi ní kí n kọ wọ́n sílẹ̀, òun á mú wọn lọ bá dókítà. Ilé ìwòsàn mìíràn ni yóò lọ.