Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÁ A ṢE LÈ MỌ IYE TÓ YẸ KÁ RA ILÉ

Ọ̀rọ̀ ilé rírà la mú wá lóṣù yìí. Ẹni tó bá fi owó ẹ̀yáwó ra ilé ní ọ̀wọ́n, tí kò wá rí gbèsè náà san, ọrùn àwọn onídùúró rẹ̀ ló máa bọ́ sí.

Ṣebí kò sí oníṣòwò kan ní Ìkàrẹ́ tí yóò ra àpò gààrí láìbéèrè iye tí wọ́n tà á lọ́jà tó kọjá? Ṣùgbọ́n tó bá di ti ilé, iye tí onílé bá pè la máa ń dúró lé lórí. Iye tí wọ́n pè kọ́ ni òṣùwọ̀n. Iye tí ẹnìkan san gan-an ni.

Báyìí ni kẹ́ẹ ṣe é:

1. Ẹ wá ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n ti tà ní àdúgbò náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó rà á àti àwọn aládùúgbò. Ẹ gbọ́ ti alágbàtà náà, ṣùgbọ́n bí owó ilé bá ṣe pọ̀ tó ni tirẹ̀ ń pọ̀ tó.

2. Kí títà náà má tíì ju ọdún kan lọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ lọ́dún náà, iye tí wọ́n ta ilé ní 2021 kò wúlò mọ́.

3. Kí ilé bá ilé mu. Ní Àkùngbá, tó wà láàrin Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, tí yunifásítì ti wà láti 1999, akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá. Ilé ibẹ̀ kì í ṣe òṣùwọ̀n fún ilé tó wà lórí òkè l'Ọ́kà. Ẹ wo yàrá, ìwọ̀n ilẹ̀, omi, ọ̀nà mọ́tò àti àpáta.

Ká ní wọ́n ta ilé oníyàrá mẹ́rin kan ní mílíọ̀nù náírà 6, èkejì ní 6.5, ẹ̀kẹta ní 10. Àpẹẹrẹ lásán ni o. Tẹ́ ẹ bá pa wọ́n pọ̀ kẹ́ẹ pín in sí mẹ́ta, 7.5 ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta nìkan ló wà létí títì, tó ní ìwé ìjọba. Ẹ fi tàárín ṣe òṣùwọ̀n, ìyẹn 6.5. Bí méjì àkọ́kọ́ bá ní kànga, tí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà kò ní, ẹ béèrè owó kànga gbígbẹ́, kẹ́ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí onílé bá pe 9, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí.

Bí owó rẹ̀ bá kéré jù ńkọ́? Ẹ fura. Bó bá jẹ́ ilé ẹbí, kí olórí ẹbí àtàwọn àgbà ẹbí jọ fọwọ́ sí i. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 sì fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí wọ́n bá fi ìwé ìjọba hàn yín, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀ l'Ákùúrẹ́.

Ẹ kọ gbogbo iye tẹ́ ẹ gbọ́ sílẹ̀, kẹ́ẹ mú un wá fún ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó kẹ́ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹni bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.