Ẹran Kò Lè Rojọ́: Kíkọ́ Èdè Ilé Ìwòsàn Ẹranko ní Kíláàsì Yorùbá

Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá dé ilé ìwòsàn, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi sọ ibi tí ó ń dùn ún. Ajá, ológbò àti ehoro kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Olówó wọn ni ó ń bá wọn rojọ́ níwájú dókítà ẹranko, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ni àyẹ̀wò dókítà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ dókítà ní iṣẹ́ ní yunifásítì. Èdè abínibí ni ọ̀pọ̀ olówó ajá fi ń sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì gbọ́ láàárín àwọn méjèèjì, ẹran lè kú, ọmọ ènìyàn pàápàá sì lè bá a lọ.

Iṣẹ́ yìí dá lórí bí olùkọ́ èdè Yorùbá ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀kọ́ ní kíláàsì. Èrò tí ó rọ̀ mọ́ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ láti ṣàpèjúwe ohun tí ó fojú rí kí ó tó fún àìsàn lórúkọ. Kíkọ́ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní èdè abínibí kì í ṣe ohun tuntun. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá darí ní Ilé-Ifẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, ti lo èdè Yorùbá láti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì.

Orúkọ Lè Bo Àìsàn Mọ́lẹ̀

Àpẹẹrẹ tí ó léwu jù ni dìgbòlugi. Ìhun ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere: ohun tí ó dìgbò lu igi. Ajá tí ń sáré kiri, tí ń kọlu ohunkóhun tí ó bá pàdé, ni ọ̀rọ̀ náà ń yà sí ni lọ́kàn. Àwọn èdè Nàìjíríà mìíràn kò yàtọ̀ púpọ̀. Àwọn Hausa a máa sọ pé mahaukacin kare, àwọn Ígbò a sì ní nkịta ara. Orí wèrè ni orúkọ méjèèjì dúró lé. Òótọ́ ni pé irú àìsàn yìí kan wà tí ń mú kí ajá máa sá kiri, kí ó sì máa bu ènìyàn ṣán. Ṣùgbọ́n irú kejì wà tí ajá kì í pariwo nínú rẹ̀. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò rọ, ẹnu rẹ̀ kò ní lè pa dé, itọ́ yóò máa dà, kò ní lè gbé nǹkan mì, ohùn gbígbó rẹ̀ yóò sì yí padà. Lójú ẹni tí kò mọ̀, àfi bí ẹni pé eegun há a lọ́fun. Níbẹ̀ ni ènìyàn yóò ti ki ọwọ́ bọ ẹnu ajá, tí itọ́ tí kòkòrò àrùn wà nínú rẹ̀ yóò sì gba ojú ọgbẹ́ kékeré wọ inú ara.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún ní àgbáyé, àti pé ajá ni ó ń kó o ran èyí tí ó tó 99 nínú 100 wọn. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ń là á já. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n bá tètè gbà kí àmì tó yọ ni ó ń gba ẹ̀mí là. Nítorí náà, ẹni tí ó wí pé "ẹnu rẹ̀ kò lè pa dé láti àná" ti ran dókítà lọ́wọ́ ju ẹni tí ó wí pé "eegun há a lọ́fun" lọ.

Àmì Ohùn àti Àmì Ìsàlẹ̀ Lẹ́tà

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rò pé iṣẹ́ ìdánwò nìkan ni àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ wà fún yóò rí ìdí mìíràn níhìn-ín.

(i) Oyún àti ọyún: Nínú abo ajá tí ó ti dàgbà, tí wọn kò yọ ilé ọmọ rẹ̀, ọyún lè kún ilé ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìgbà tí ó wá akọ. Ikùn rẹ̀ lè wú, kí olówó rẹ̀ sì máa yọ̀ pé ó lóyún. Ṣùgbọ́n ajá náà yóò máa mu omi lámujù, oúnjẹ kò ní wù ú, nǹkan olóòórùn sì lè máa dà lójú ara rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ kíákíá ni ó sábà máa ń gbà á là. Àmì kékeré kan lábẹ́ lẹ́tà ni ó ya ayọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ewu.

(ii) Rọ́, rọ, yẹ̀ àti kán: Bí ọ̀kadà bá kọlu ajá, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rọ́, èyí tí ìsinmi lè wò. Oríkèé rẹ̀ lè yẹ̀, eegun rẹ̀ sì lè kán. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì bá rọ, tí ajá kò lè gbé wọn mọ́, eegun ẹ̀yìn ni ọkàn dókítà yóò kọ́kọ́ lọ sí. Orí pátákó pẹrẹsẹ ni ó yẹ kí wọ́n fi gbé irú ajá bẹ́ẹ̀ wá, kì í ṣe kí wọ́n gbé e kọ́ èjìká.

(iii) Ọgbẹ́ àti egbò: Ọgbẹ́ ni ojú ibi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tàbí ya, egbò ni èyí tí ó ti pẹ́ tí ó sì ń kẹ̀. Dókítà lè rán ọgbẹ́ tuntun lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ní láti kọ́kọ́ fọ egbò, kí ó sì yọ ìdin bí ó bá wà níbẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ nílò. Ìbéèrè "Kí ni ẹ ti fún un?" ń fẹ́ ìdáhùn òtítọ́. Parasítámọ́ọ̀lù tí ń dín ibà ènìyàn kù jẹ́ májèlé fún ológbò, nítorí pé ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè sọ ọ́ di aláìléwu bí ti ènìyàn. Ẹni tí ìtìjú bá mú kí ó fi í pamọ́ ti dí dókítà lójú.

Ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì fún Kíláàsì

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè fi èyí ṣe eré níwájú àwọn yòókù:

Dókítà: Ẹ káàbọ̀, mà. Kí ni ẹ rí lára ajá yín?
Olówó ajá: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Eegun ló há a lọ́fun.
Dókítà: Ṣé ẹ rí i nígbà tó ń jẹ eegun, mà?
Olówó ajá: Rárá o. Ẹnu rẹ̀ ni kò lè pa dé láti àná. Itọ́ ń dà níbẹ̀, kò sì lè mu omi.
Dókítà: Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu?
Olówó ajá: Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ bá a yọ eegun náà.
Dókítà: Ìgbà wo ló gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi gbẹ̀yìn?
Olówó ajá: Hà! Kò gbà á rí.
Dókítà: Mà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ ọmọ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí yìí. Ẹ má dúró dìgbà tí ara rẹ̀ bá gbóná.

Ìgbésẹ̀ Ẹ̀kọ́

Ẹ̀kọ́ yìí bá kíláàsì kìíní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì àgbà mu, fún ìṣẹ́jú 40.

1. Olùkọ́ yóò fi àwòrán ẹran aláìsàn han kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò sọ gbólóhùn kan nípa ohun tí ó rí, láìdárúkọ àìsàn kankan.
2. Kíláàsì yóò to àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó jáde sórí pátákó: bì, tiro, gbọ̀n, wú, họ ara. Olùkọ́ yóò fi àwọn tí wọn kò mọ̀ kún un.
3. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ka oyún, ọyún, rọ́ àti rọ sókè, wọn yóò sì fi wọ́n sínú gbólóhùn.
4. Lẹ́yìn ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò tọ́ka sí gbólóhùn tí ó yí èrò dókítà padà.
5. Iṣẹ́ àṣetiléwá: kí akẹ́kọ̀ọ́ bi àgbàlagbà kan léèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí àdúgbò rẹ̀ ń lò fún àìsàn ajá tàbí ológbò, kí ó sì kọ àpèjúwe ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí.

Bí olùkọ́ bá ń díwọ̀n iṣẹ́ wọn, kí ó fún àpèjúwe tí ó ṣe rẹ́gí ní máàkì ju orúkọ àìsàn lọ. Olùkọ́ èdè Hausa tàbí Ígbò lè tọ ìgbésẹ̀ kan náà. Àwọn ọ̀rọ̀ ni yóò yí padà.

Ìgúnlẹ̀

Èdè Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún àìsàn àti ìfarapa ẹran. Ohun tí ó kù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ wọ́n lámọ̀dájú, kí wọ́n sì lò wọ́n síbi tí ó yẹ. Ọmọ tí ó ti kọ́ láti sọ pé "àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ" dípò "eegun há a lọ́fun" kò ní ki ọwọ́ bọ ẹnu ajá náà, kò sì ní jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.