Ọ̀nà Àbájáde Omi Ni Kó O Kọ́kọ́ Là

Ìbarà, Abẹ́òkúta
Oṣù Kọkànlá

Àkànní ọmọ mi,

Bàbá rẹ sọ fún mi pé o ti kó blọ́ọ̀kù àti yanrìn sí ẹ̀yìnkùlé rẹ ní Ìyànà Ìyẹsí, pé o fẹ́ mọ táńkì tí wàá ti máa sin ẹja àrọ̀. Inú mi dùn sí i gan-an. Àmọ́ nígbà tí mo béèrè ibi tí omi máa gbà jáde, wọ́n ní bíríkìlà á wá ojú ẹ̀ tó bá yá. Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí nìyẹn. Iṣẹ́ páìpù ni mo fi jẹun nínú ilé-iṣẹ́ ní Sáńgò títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá fẹ́ kó omi jọ sójú kan, ọ̀nà tó máa bá jáde ni kó kọ́kọ́ là, kó tó ro ọ̀nà tó máa bá wọlé.

Wo bí omi náà ṣe pọ̀ tó. Táńkì tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, tí omi inú rẹ̀ jìn ní mítà 1, lítà 12,000 ló gbà. Bí ẹ̀rọ kànga rẹ bá ń kún kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ní ìdajì ìṣẹ́jú, lítà 3,000 ló ń tú jáde ní wákàtí kan. Bí iná bá dé lóru, tí ẹ̀rọ náà sì wà ní títàn, omi á ti kọjá etí táńkì kí ilẹ̀ tó mọ́. Òjò tún ńkọ́? Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 10, lítà 5,000 ló máa ṣàn kúrò lórí ẹ̀. Nítorí náà, má ṣe mọ táńkì sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀. Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Ẹja àrọ̀ sì rèé, ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè, ó lè wọ́ lórí ilẹ̀ tútù. Bí omi bá ti kan etí táńkì, ẹja á bá omi lọ sínú gọ́tà.

Páìpù méjì ni mo fẹ́ kó o fi sí i. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Jẹ́ kí ilẹ̀ táńkì dagẹ̀rẹ̀ sí ojú kan, kí ẹnu páìpù wà níbi tó rẹlẹ̀ jù, torí pé ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí wọn ò jẹ tán, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń rọ̀ sí. Gbé páìpù náà gba abẹ́ ògiri jáde, fi ẹ́ńbò sí i níta, kó o wá gbé e nàró títí dé ibi tó o fẹ́ kí omi inú táńkì dúró sí. Bí omi tuntun bá ti ń wọlé, omi ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ló máa gun páìpù náà jáde, èyí tó mọ́ lókè á dúró fún ẹja. Má ṣe fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ́ńbò yẹn pa. Bó o bá fẹ́ dín omi kù, dẹ páìpù náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Jẹ́ kí orí ẹ̀ ṣí sí afẹ́fẹ́. Bó o bá tẹ orí ẹ̀ kọ sísàlẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ò sì ráyè wọ inú ẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi fúnra rẹ̀ títí táńkì á fi gbẹ.

Má ra páìpù ínṣì 2 nítorí owó. Ẹnu páìpù ínṣì 4 fẹ̀ ju tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, ìdọ̀tí kì í sì í tètè dí i. Asẹ́ ẹnu rẹ̀ náà, má jẹ́ kó jẹ́ nẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tí ewé kan lè bò. Gé páìpù, lu ihò wẹ́wẹ́ tó pọ̀ sí i lára yípo, kí ihò náà kéré ju orí ẹja rẹ lọ.

Páìpù kejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yọ kúrò torí pé kò jọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Inú ògiri ni kó wà, kó fi sẹ̀ǹtímítà 5 ga ju ojú omi lọ, kí ọ̀nà rẹ̀ sì dá dúró. Gbígbẹ ló máa wà lójoojúmọ́. Àwọn tó ń sin iyùn àti ẹja òkun nínú àpótí gíláàsì ní Amẹ́ríkà àti Jámánì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi páìpù kan ṣoṣo sílẹ̀: ọ̀kan ń gbé omi, èkejì wà ní òfìfo, kí ó lè gba iṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ tí ìgbín bá dí ti àkọ́kọ́. Ògiri rẹ náà gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 30, ó kéré tán, ga ju omi lọ.

Ibi tí páìpù máa tú omi sí ló gba àròjinlẹ̀ jù ní àdúgbò yẹn. Ẹni tó bá mọ Sáńgò, tí kò jìnnà sí ọ, lásìkò òjò mọ bí gọ́tà ṣe ń kún tí omi ń gun títì. Bí ẹnu páìpù rẹ bá rẹlẹ̀ sínú gọ́tà, omi gọ́tà á padà wá bá ẹja rẹ nínú táńkì. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Covenant, tó wà nítòsí rẹ níbẹ̀, ti ṣe ìwádìí lórí omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ tó ń wọ odò Àtúwàrà àti ti ilé ìpẹran tó ń wọ odò Ìlo. Irú omi bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kan ẹja rẹ. Wo ojú àmì tí àgbàrá fi sára ògiri fẹ́ǹsì rẹ, kó o gbé ẹnu páìpù ga ju ibẹ̀ lọ. Láti táńkì dé ibẹ̀, jẹ́ kó máa fi sẹ̀ǹtímítà 1 rẹlẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan.

Má ṣe da omi náà sí iwájú ilé aládùúgbò. Ó ń rùn, ó sì ń dá ìjà sílẹ̀. Gbẹ́ kòtò kan tí ìdọ̀tí á ti rọ̀, kó o máa bu omi orí ẹ̀ rin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́. Ajílẹ̀ ni fún wọn.

Gbogbo páìpù gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré. Bí wọ́n bá ń dá ihò lu lẹ́yìn tó bá ti gan, ibẹ̀ ló máa máa jò. Bí táńkì bá gbẹ, pọn omi kún un, dà á nù, tún pọn òmíràn, kí oró sìmẹ́ǹtì lè jáde. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí omi kún dé ìwọ̀n rẹ̀, dí páìpù àkọ́kọ́ pa, tan ẹ̀rọ kànga fún wákàtí kan gbáko, kó o dúró wò ó. Bí páìpù kejì bá gbé omi náà láìjẹ́ kó kan etí, ó tó àkókò láti ra ọmọ ẹja nìyẹn. Bí kò bá gbé e, má rà.

Ní ti oúnjẹ àti iye ẹja tí táńkì lè gbà, wá sí Abẹ́òkúta, kí n mú ọ lọ sí FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988. Wọ́n ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ọ̀sìn ẹja. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí, òjò ò ní í lé ọ. Kó o tó san kọ́bọ̀ fún bíríkìlà, ya àwòrán táńkì náà ránṣẹ́ sí mi, kó o kọ gíga páìpù méjèèjì sí i àti ibi tí wọ́n ń tú omi sí. Màá yẹ̀ ẹ́ wò.



Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ