Omi Ọjọ́ Méje

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà nílùú Ìbàdàn, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, n kò sì lè gbé e mì mọ́. Onílé kan lẹ́bàá Ring Road ló ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wo igun ilé rẹ̀ kan tó ń rì. Kí n tó ráyè débẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti bá a tún un ṣe. Ó gbẹ́ abẹ́ ìpìlẹ̀, ó ki kọnkéré sí i, ó da erùpẹ̀ bò ó lọ́jọ́ kejì, ó rẹ́ ojú ibi tó sán lára ògiri, ó kùn ún, ó gbowó, ó lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ gbà á.

Onílé ní, "Bàbá, àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọṣẹ́ o. Ká ní ẹ̀yin àgbà ni, ẹ ò bá lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Mo lóṣòó, mo mú ìṣó kan nílẹ̀, mo fi ha etí kọnkéré náà níbi tí erùpẹ̀ kò bò dé. Lẹ́búlẹ́bú ló ń dà sílẹ̀. Mo tún ha á, ìṣó ń wọlé lọ. Ìbínú tí mo bí sí ọmọ yẹn kò tó èyí tí mo bí sí ìyìn tí wọ́n yìn ín, nítorí ìyìn yẹn ni yóò gbé e dé ilé tó kàn, ohun kan náà ni yóò sì ṣe níbẹ̀.

N kò fẹ́ kọ́ yín ní ohun tí ẹ mọ̀. Ẹ mọ símẹ́ńtì ọ̀kan sí yanrìn méjì sí òkúta mẹ́rin. Ẹ mọ̀ pé a kì í tú gbogbo abẹ́ ìpìlẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta là ń gbẹ́, a sì ń fo àárín. Ẹ mọ̀ pé láti ọdún 2014 ni àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti sọ pé símẹ́ńtì 32.5 kò sí fún ohun mìíràn ju rírẹ́ ilé lọ. Ohun tí mo ń bá yín jà lé lórí ni omi ọjọ́ méje. Mo ń sọ nípa omi tí a ń fún kọnkéré lẹ́yìn tí a ti dà á tán, tí a ti fọ ṣọ́bìrì, tí lébìrà ti gbowó ọjọ́ rẹ̀, tí ojú gbogbo ènìyàn ti kúrò níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú yín gbà pé bí kọnkéré bá ti gbẹ, ó ti le nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó wà nínú rẹ̀ ni símẹ́ńtì ń bá ṣiṣẹ́ tó fi ń le, ọjọ́ tí omi bá sì ti tán nínú rẹ̀, iṣẹ́ dúró nìyẹn, yálà ó ti lágbára tó tàbí kò tíì tó. Kọnkéré tí ẹnikẹ́ni kò bomi sí nínú ẹ̀ẹ̀rùn lè má ní ju nǹkan bí ìdajì agbára tó yẹ kó ní lọ. Ẹ ti rí àwọn búlọ́ọ̀kù kéékèèké tí ẹnjiníà máa ń ní kí a dà fún àyẹ̀wò, ìnṣì mẹ́fà ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí wọ́n ń kó wọn sí? Inú omi ni. Inú omi ni wọ́n ń gbé títí di ọjọ́ méje, àwọn tó kù di ọjọ́ mẹ́jọlélógún, kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ wọ́n fọ́. Agbára tí ẹnjiníà kọ sínú ìwé, agbára kọnkéré tó gbé inú omi fún ọjọ́ mẹ́jọlélógún ni. Èyí tí ẹ̀yin fi sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ ọyẹ́ láti ọjọ́ kejì kò sí nínú ìwé kankan.

Mo mọ ohun tí ẹ óò sọ. Ẹ óò ní, "Bàbá, Ìbàdàn kì í ṣe Sókótó." Òótọ́ ni pé òjò wa pọ̀, láti bí oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá. Ṣùgbọ́n nígbà wo ni àwọn onílé máa ń pè yín fún iṣẹ́ ìpìlẹ̀? Ẹ̀ẹ̀rùn ni, nígbà tí kòtò kò lómi, tí ògiri ti là kedere, tí owó ọdún ṣì kù lọ́wọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni afẹ́fẹ́ láti Sàhárà ń fẹ́ wá, tí ètè ń bó, tí aṣọ tí a sá láàárọ̀ ń gbẹ kí a tó jẹun tán. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, aṣálẹ̀ ló wá kí wa nílé. Ní Dubai àti Kuwait tí ooru wọn ju tiwa lọ, òru ni wọ́n ń da kọnkéré nígbà ooru wọn, wọ́n a sì máa fi áìsì sí omi tí wọ́n fi ń pò ó. Àwa níbí, aago méjì ọ̀sán la ń dà á ní àdúgbò Challenge, lórí erùpẹ̀ tó gbóná, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní padà wá wò ó.

Mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ẹni tí kò bá fojú rí i kò lè mọ̀ ọ́n. Nígbà tí omi fà, ilé tó ṣẹ́ kù lẹ́bàá odò dúró lórí òfìfo. Omi ti họ erùpẹ̀ lọ lábẹ́ ìpìlẹ̀ wọn, ènìyàn lè na ọwọ́ wọ abẹ́ ilé dé ìgbọ̀nwọ́. Ọ̀gá mi gba iṣẹ́ díẹ̀ nínú wọn. Títí a fi gbọ́n omi, tí ilẹ̀ fi gbà wá láti gbẹ́ ẹ, ọyẹ́ ti dé. Ọ̀gá mi lọ sí Dúgbẹ̀, ó ra àpò kòkó àlòkù, àwọn àpò ìdọ̀họ tó ti ya. A rò pé yanrìn ló fẹ́ fi kó. Bí a ti da kọnkéré àkọ́kọ́, ó rẹ àwọn àpò náà sínú omi, ó tẹ́ wọn lé e ní ìlọ́po méjì. Ó yíjú sí mi: "Ìwọ lo ni ín. Kò gbọdọ̀ gbẹ."

Láti ọjọ́ náà, àkùkọ kì í kọ bá mi lórí ẹní. Kànga kan wà ní ojúlé kejì, níbẹ̀ ni mo ti ń fa omi. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá mi kì í béèrè bóyá mo bomi. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àpò, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni o. Ó ní àtẹ́lẹwọ́ bíríkìlà ti yi jù láti mọ ọ̀rinrin. Ọjọ́ kan, ẹni tó ṣáájú mi lẹ́nu ẹ̀kọ́ ló kàn. Ó bu omi sórí àpò nígbà tó gbọ́ ohùn ọ̀gá lókèèrè, àpò tutù lóòótọ́. Ọ̀gá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, kò sọ nǹkan kan, ó ká àpò náà sókè. Kọnkéré tó ń rí omi mu a máa dúdú, a máa dán díẹ̀. Èyí tó wà níwájú wa funfun, ìlà tín-ín-rín sì ti ń yọ lójú rẹ̀. Ọ̀gá mi gba òòlù, ó fọ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta náà tán, a sì tún un dà ní owó tirẹ̀. Onílé ń bẹ̀ ẹ́ pé kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo máa sùn lórí rẹ̀, èmi ni mo dà á." Èmi ò tíì gbọ́ kí bíríkìlà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún onílé láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi yé o. Bí mo bá ní kí ẹ fún un lómi, n kò ní kí ẹ sọ kòtò di adágún. Abẹ́ ilé tó ń rì lẹ wà. Omi ló sábà ń fa rírì náà: páìpù tó ń jò, gọ́tà tó fọ́, sókawè tí wọ́n gbẹ́ sún mọ́ ògiri, omi òjò tó ń já láti orí páànù bọ́ sí ẹsẹ̀ ilé lọ́dọọdún. Kí ẹ tó gbé dígà, ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀nà omi yẹn, kí ẹ dí i. Bí ẹ bá wá ń da garawa-garawa sí kòtò, ilẹ̀ tó kù yóò rọ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ óò gbé ilé náà ṣubú. Ọ̀rinrin ni kọnkéré ń fẹ́. Ìdí tí ọ̀gá mi fi ra àpò nìyẹn: àpò a mu omi, a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bó ṣe yẹ kó lọ rèé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ wọ́n omi sí ìsàlẹ̀ kòtò àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí ilẹ̀ pupa Ìbàdàn nínú ọyẹ́ yóò kọ́kọ́ mu omi inú kọnkéré kí símẹ́ńtì tó rí i lò. Ibi tí erùpẹ̀ bá ti gbẹ jù, ẹ fi ọ̀rá tẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fọ abẹ́ ìpìlẹ̀ àtijọ́ kúrò nínú erùpẹ̀, kí ẹ fi omi nù ún. Òwúrọ̀ ni kí ẹ dà á. Bí ìka kò bá ti lè tẹ̀ ẹ́ wọlé mọ́, àpò ti gun orí rẹ̀ nìyẹn, kí ẹ sì fi ọ̀rá bo àpò. Ọjọ́ méje ni, ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́ líle, ẹ jẹ́ kó di mẹ́wàá. Àlàfo ìnṣì mẹ́ta tí ẹ fi sílẹ̀ láàárín kọnkéré tuntun àti ìpìlẹ̀ àtijọ́, ọ̀gá mi kì í kì í kó tó pé ọjọ́ méje, àpòpọ̀ tí omi rẹ̀ kò pọ̀ ló sì ń fi òòlù kì í wọlé, títí yóò fi máa ró gbà-gbà. Ẹ bo òun náà. Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò tó gbẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni gbígbẹ́ náà, ọjọ́ méje-méje: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí onílé Ring Road ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ rèé.

Omi tí ẹ óò fi pò ó ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹ ti lawọ́, ibi tí kò yẹ. Àpò símẹ́ńtì kan, kẹ́ẹ̀gì lítà márùndínlọ́gbọ̀n kan ti tó o, kódà ó lè ku díẹ̀ bí yanrìn bá tutù. Mo ń rí lébìrà tó ń da omi kún un lọ́sàn-án kí ọwọ́ má baà dùn ún, ọ̀gá rẹ̀ dúró tì í, kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀ ń fún un lómi púpọ̀ nígbà tó ń pa á lára, ẹ sì ń fi dù ú nígbà tó ń wá a.

Ìpìlẹ̀ nìkan kọ́ ló ń fẹ́ omi yìí; ògiri tó sán náà ń fẹ́ ẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàù tí ìjọba ní àwọn awakùsà kó pamọ́ bú gbàmù ní Old Bodija. Ẹ̀mí lọ, ilé wó, àwọn tí kò wó sán. Àárín ọyẹ́ gan-an ni. Kò pẹ́ tí àtúnṣe bẹ̀rẹ̀, mo sì rìn ká díẹ̀ lára rẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀ òpó tó sán tí wọ́n lẹ símẹ́ńtì mọ́ lórí eruku, lọ́sàn-án gangan, láìwọ́n omi kan sí i. Búlọ́ọ̀kù àtijọ́ tó ti gbẹ fún ọdún pípẹ́ máa ń fa omi bí gàárì, nígbà tí ẹ bá máa fi yí ẹ̀yìn padà, ó ti mu èyí tó wà nínú símẹ́ńtì yín tán, kò sì sí ohun tó so méjèèjì pọ̀ mọ́. Nígbà tí òjò dé, àwọn tí mo rí yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò ní abala-abala. Ẹ gbẹ́ ojú sísán náà fẹ̀, ẹ gbá a, ẹ wọ́n omi sí i nírọ̀lẹ́, ẹ tún wọ́n ọn láàárọ̀ títí kò fi ní fà á mọ́, kí ẹ tó lẹ nǹkan kan mọ́ ọn. Lẹ́yìn rẹ̀, àpò tutù, ọjọ́ méje. Kí a má tíì sọ ti ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ nísàlẹ̀ tó jẹ́ pé òkè ni wọ́n ń lẹ̀. Ìyẹn, iṣẹ́ ẹnjiníà ni kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Mo mọ̀ pé owó ni ìjà. Ní Agbówó, lánlọ́ọ̀dù ń sáré kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tó wọlé, kò fẹ́ gbọ́ ọjọ́ méje. Omi ẹ̀rọ kò yọ, omi táńkà wọ́n, ẹ kò sì lè fi ọmọ iṣẹ́ kan ṣòfò síbì kan nígbà tí iṣẹ́ mìíràn ń dúró. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú bílì láti ìbẹ̀rẹ̀: owó omi, owó àpò, owó ẹni tó ń bomi, lórí ìlà tirẹ̀, kí onílé rí i kó tó san kọ́bọ̀. Bó bá ní òun kò ní san án, ẹ fi iṣẹ́ bomi lé òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ sì máa yà wò ó. Ọjọ́ ìsinmi kò sí nínú rẹ̀. Kọnkéré kò mọ Sunday, kò mọ Jímọ̀. Ẹ mú èédú, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ dà á sára ògiri lókè kòtò, kí ẹni tó bá bomi máa fa ìlà kan síbẹ̀. Mẹ́ta lójúmọ́, mọ́kànlélógún lọ́jọ́ méje. Onílé yóò lè kà á. Bí èmi náà bá ń kọjá, màá yà, màá kà á.