Àyè Nílé fún Ará Àjò: Ẹ̀kọ́ fún Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì

Ẹ ka Lúùkù 2:1-20 kí ẹ tó wá sí kíláàsì.

Ní àkókò yìí, kò sí ilé kan láàárín wa ní Sábóńgárì Kánò níbí tí ọ̀rọ̀ ọdún kò sí ní ẹnu àwọn ọmọ. Télọ̀ ti gba aṣọ ju èyí tí ọwọ́ rẹ̀ lè rán lọ, síbẹ̀ ó ń búra fún gbogbo wa pé a ó rí i gbà kí ọjọ́ tó pé. Àwọn ìyá ti ń bèèrè iye tí a ń ta ìrẹsì àti òróró. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ orin ní alẹ́, àwọn ọmọdé sì ti ń fi báńgà da oorun wa láàmú. Gbogbo èyí dára, ẹ̀kọ́ yìí kò sì wá bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ohun tí a fẹ́ wádìí ni ìbéèrè kan tí baálé ilé tí ó wà ní àjò ń bi ara rẹ̀ ní kọ́lọ́fín: nínú owó ọdún yìí, èwo ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jáde, ṣé owó aṣọ ni, tàbí owó ọkọ̀ lọ sí ilé?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Jósẹ́fù. A máa ń rántí pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni, a sì máa ń rántí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n ń yà sínú àwòrán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Lúùkù kò dárúkọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kankan. Ohun tí a kì í sábà kíyèsí ni pé ará àjò ni ọkùnrin yìí. Násárétì ní Gálílì ni ó ń gbé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni agbo ilé rẹ̀ wà. Nígbà tí àṣẹ Késárì jáde pé kí a kọ orúkọ gbogbo ènìyàn, Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni ó gbọ́dọ̀ lọ, nítorí pé ará ilé Dáfídì ni. Ìrìn náà lé ní 80 máìlì, ọ̀nà òkè àti àfonífojì, obìnrin tí ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bí. Bẹ́ẹ̀ ni Kérésìmesì àkọ́kọ́ ṣe bá ènìyàn ní ìlú àwọn bàbá rẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti fi ẹsẹ̀ rìn wá láti àjò.

Nísinsin yìí, ẹ wo ẹsẹ 7. Bíbélì wa pè é ní ilé èrò, èyí sì ti mú kí a máa ro hòtẹ́ẹ̀lì kan tí onílé rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ tọkọtaya. Bí a bá ṣe eré Kérésìmesì nínú ìjọ, ọmọ tí a bá fi ṣe onílé èrò ni gbogbo ènìyàn máa ń hó lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹ wá onílé èrò náà nínú ìwé Lúùkù, ẹ kò ní rí i. Àwa ni a fi í sí i. Ní èdè Gíríìkì tí Lúùkù fi kọ̀wé, katalyma ni ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó tún lò ní orí 22:11, níbi tí ó ti jẹ́ yàrá àlejò nínú ilé ènìyàn. Nígbà tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ilé èrò gan-an, èyí tí a ń san owó láti sùn sí, nínú ìtàn ará Samáríà ní orí 10:34, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó lò, pandocheion. Àwọn ọ̀mọ̀wé kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé yàrá àlejò ni ó kún. A sì mọ̀ pé ní ilé àwọn mẹ̀kúnnù ilẹ̀ náà, inú ilé kan náà ni wọ́n ń kó ẹran wọ̀ ní alẹ́, ní apá ìsàlẹ̀ ibi tí àwọn ènìyàn ń sùn, ibẹ̀ náà sì ni ibùjẹ ẹran máa ń wà.

Ẹni tí ó bá ti lọ sí agbo ilé rẹ̀ rí ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì kò nílò ọ̀mọ̀wé láti túmọ̀ èyí fún un. Ẹ̀gbọ́n tí ó ti Èkó wá ti gba yàrá bàbá. Àwọn ará Ìbàdàn ti gba pálọ̀. Ìwọ tí ọ̀nà rẹ jìn jù ni ó dé kẹ́yìn, ní òru, pẹ̀lú àpò àlùbọ́sà àti ọmọ tí ó ti sùn lọ ní èjìká. Ìyàwó bàbá kékeré á jáde, á ní, “Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ má bínú o, ilé ti kún, ẹ jẹ́ kí a tẹ́ ẹní fún yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.” Bí o ti dùbúlẹ̀, o ń gbọ́ ewúrẹ́ tí ó ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri. Ẹnikẹ́ni kò lé ọ. Ilé kún ni.

Èmi tí mo kọ ẹ̀kọ́ yìí kò sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní oṣù kọkànlá 1988, mo kọ lẹ́tà sí ìyá mi ní Ọ̀fà pé èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wá ṣe ọdún. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí a ti dé ilé kẹ́yìn, màmá kò sì tíì fi ojú kan àbíkẹ́yìn wa rí. Owó ọkọ̀ wà nínú àpótí. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ tí mo wà nínú rẹ̀ mú aṣọ, aṣọ olówó gọbọi, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Ojú tì mí láti sọ pé n kò ní lè rà á. Mo rà á fún ara mi, mo rà á fún ìyàwó mi. Nígbà tí mo ka èyí tí ó kù, kò lè gbé ènìyàn márùn-ún dé Kàdúná. Mo bá kọ lẹ́tà kejì pé iṣẹ́ kò fún mi ní àyè. Irọ́ ni mo pa, lẹ́tà náà kò sì tètè dé.

A ṣe ọdún ní Kánò, a ya fọ́tò nínú aṣọ náà, fọ́tò náà sì dára. Ní oṣù kejì 1989 ni ìròyìn dé pé màmá ti sùn nínú Olúwa. Owó tí n kò rí fún Kérésìmesì, mo yá a fún ìsìnkú, gbogbo wa sì lọ. Ìyàwó àbúrò mi ni ó mú mi wọ yàrá màmá, tí ó fi ẹní tuntun mẹ́ta hàn mí, tí a ká, tí a gbé ti ògiri. Ó ní ọjọ́ tí lẹ́tà mi àkọ́kọ́ dé ni màmá lọ rà wọ́n ní ọjà. Láti bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọdún ni ó ti ń sá wọn sí oòrùn ní òwúrọ̀, tí ó ń ká wọn wọlé ní ìrọ̀lẹ́, títí ọdún tuntun fi kọjá. Àwọn àlejò tí ó kún ilé bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yá àwọn ní ọ̀kan sùn, kò gbà. Ó ní ti àwọn ará Kánò ni.

Ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù àyè kò sí, wọ́n sì lọ. Ní ti èmi, àyè wà.

Ẹ lè bi mí pé kí ni ọmọ ń rí ní ilé tí kò lè rí ní Sábóńgárì, nígbà tí ìrẹsì àti adìẹ wà ní ibi méjèèjì. Ní ilé ni yóò ti gbọ́ kí ìyá àgbà pe òun ní Àkànní tàbí Àbẹ̀kẹ́, tí orí rẹ̀ yóò wú, tí kò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Ní ilé ni a ó ti mú un lọ sí ojú oórì bàbá bàbá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tí a ó sọ fún un iṣẹ́ tí bàbá náà ṣe. Yóò mọ ẹni tí ó yẹ kí òun pè ní bàbá kékeré, àti ẹni tí òun kò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Àwọn ọmọ wa ń bá àwọn ọmọ Haúsá ṣeré, wọ́n sì gbọ́ èdè wọn dáadáa. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, èrè àjò ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ tí ó dúró ṣánṣán níwájú ìyá bàbá rẹ̀ tí ó sì ní, “Sánnu.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń wí nínú ọkàn wọn nísinsin yìí, òtítọ́ sì ni. Nígbà tí ojú irin rélùwéè dé Kánò ní 1911, tí àwọn bàbá wa bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá, ọkọ̀ ojú irin kan náà ni ó ń gbé wọn padà lọ ṣe ọdún: Ọ̀fà, Òṣogbo, Ìbàdàn, gbogbo wọn wà lójú ọ̀nà náà títí dé Èkó, nǹkan bí 700 máìlì. Wọ́n á di ẹ̀pà, àlùbọ́sà àti kílíṣí, wọ́n á sì kọrin lọ. Ọ̀nà ti yàtọ̀ báyìí. Owó ọkọ̀ ti di ohun tí a ń gbàdúrà sí kí a tó bèèrè. Gbogbo wa sì rántí 28 oṣù kẹta 2022, nígbà tí àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Àbújá ń lọ sí Kàdúná, tí wọ́n pa ènìyàn tí wọ́n sì kó ènìyàn lọ. Bàbá tí ó bá sọ pé òun kò ní kó ọmọ márùn-ún sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Owó tí a ná sí aṣọ ni mo ń bá wí, kì í ṣe ìbẹ̀rù tí ó ní ìdí.

Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má sì ṣe rò pé ọdún tí a ṣe ní àjò kì í ṣe ọdún. Ní oṣù kejìlá 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Wẹ́sílì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta padà dé Àgbádárìgì ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, ó sì bá Henry Townsend ti CMS níbẹ̀. Àwọn méjèèjì jùmọ̀ ṣe Kérésìmesì ní etí òkun náà, ìtàn Kérésìmesì ní ilẹ̀ wa kì í sì í fo ọjọ́ yẹn dá. Ìdí igi Agia ni a ń tọ́ka sí pé wọ́n ti wàásù. Igi náà wó ní 1959. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wà ní ilé bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Ẹni tí yóò dúró ní ìhín, kí ó tètè fi owó ránṣẹ́. Owó tí ó dé ilé ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, ọjà tí ó ti wọ́n ni yóò bá. Kí ó pe ilé lórí fóònù, kí ó sì gbé fóònù náà fún ọmọ, kí ó má sì máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ìyá àgbà lẹ́nu nítorí owó ìpè. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ki ọmọ náà ní oríkì. Ẹ se ohun kan tí wọ́n ń sè ní ìlú yín, ìbáà jẹ́ ọ̀ọ̀lẹ̀ lásán, kí ọmọ wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń pọ́n ọn, kí ẹ sì máa sọ ìtàn ẹni tí ó kọ́ yín. Àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí náà ńkọ́? Wọ́n gbé ẹran Iléyá wá fún wa. Ẹ bẹ ọ̀kan nínú wọn kí ó bá yín dúńbú adìẹ, kí wọ́n lè jẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọkàn kan.

Fún kíláàsì: Àwọn wo ni ó ṣeé ṣe kí ó gba Màríà sílé ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, bí ó bá jẹ́ pé ilé ìbátan ni? Bí ẹgbẹ́ bá mú aṣọ, báwo ni ọmọ ẹgbẹ́ tí kò ní owó ṣe lè sọ ọ́ láìsí ìtìjú, kí sì ni ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe kí ó lè rọrùn fún un? Kí olúkúlùkù mú bébà kan wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó dàgbà jù ní agbo ilé rẹ̀ sí i, àti ọdún tí àwọn ọmọ rẹ̀ rí ẹni náà kẹ́yìn.