Aṣọ ẹ̀yìn fọ́tò

Ìyá àgbà kò tíì ya fọ́tò rí. Lónìí, Àbẹ̀ní mú ìyá àgbà lọ sílé ayafọ́tò ní Àjàṣẹ́. Owó fọ́tò kan péré ló wà lọ́wọ́ wọn.

Ìyá àgbà wọ aṣọ aláró. Aṣọ dúdú ni ayafọ́tò fi kọ́ sẹ́yìn.

Àbẹ̀ní ké pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yà á! Èjìká ìyá àgbà ò hàn.”

Ayafọ́tò wò ó. “Òótọ́ ni, ọmọ mi. Dúdú lórí dúdú kì í hàn.”

Ó mú aṣọ aláwọ̀ ìyeyè. Aṣọ náà rún. Ó lọ̀ ọ́ dáadáa, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń tú àṣírí aṣọ tó rún. Ó fi kọ́ sára ògiri.

Ó gbé àga síwájú díẹ̀, kí òjìji ìyá àgbà má baà bọ́ sórí aṣọ náà. Ó ṣí fèrèsé ẹ̀gbẹ́. Ìmọ́lẹ̀ wọlé.

Gèlè hàn. Èjìká hàn. Ẹ̀rín ìyá àgbà náà hàn.

“Ó yá, ẹ yà á!” ni Àbẹ̀ní wí.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí èjìká ìyá àgbà kò hàn?
2. Kí ló dé tí ayafọ́tò fi lọ aṣọ?
3. Bí o bá wọ aṣọ funfun, aṣọ wo ni wàá fi kọ́ sẹ́yìn?